Ejò ní Àgbàlá Ilé ní Àkúrẹ́

Àkúrẹ́, tó ti jẹ́ olú ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 1976, wà ní agbègbè igbó kìjikìji, ejò sì ti ń gbé ilẹ̀ náà kí ilé tó dé ibẹ̀. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀ sí ọ̀nà Ìdànrè, ọ̀nà Ọ̀dà, Ìjọ̀ka, Ọ̀bà-Ilé àti ẹ̀yìn FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà nílùú náà, oko kòkó, àkùrọ̀ àti ẹgàn ni wọ́n ń pín sí pílọ́ọ̀tì. Nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni àwọn onílẹ̀ ń kọ́lé, ó wọ́pọ̀ kí ilé tí èèyàn ń gbé, ilé àkọ́patì àti pílọ́ọ̀tì tó ti digbó jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ejò tó bá wọ irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ kò bá ti èèyàn wá. Eku, ọ̀pọ̀lọ́, omi àti ibi tó ṣókùnkùn ló ń wá kiri.

Ohun tó ń fà wọ́n wá

Eku ló ṣáájú. Níbi tí oúnjẹ adìẹ bá ti ń dà sílẹ̀, tí èso máńgòrò ń jẹrà nídìí igi, tí ààtàn sì wà lẹ́yìn ilé ìdáná, eku á bí síbẹ̀, ejò á sì tọpa wọn dé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ejò dín kù ní àgbàlá rẹ̀, eku ló yẹ kó kọ́kọ́ bá jà. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ eku kò tilẹ̀ mọ sórí ejò. Ìpínlẹ̀ náà wà lára àwọn tí ibà Lassa ti ń yọ lẹ́nu jù ní Nàìjíríà, pàápàá ní Ọ̀wọ̀ àti àyíká rẹ̀. Eku tí wọ́n ń pè ní Mastomys natalensis ló ń gbé àrùn yìí kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé sì ni ọ̀nà tí èèyàn sábà máa ń gbà kó o. Gàrí tí a rọ sínú ike tó ní ìdérí àti ààtàn tí a kó dànù lásìkò ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn eku, ọ̀pọ̀lọ́ ló kàn. Gọ́tà tí omi dúró sí, ẹ̀gbẹ́ kànga àti etí odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá odò Àlà máa ń kún fún ọ̀pọ̀lọ́ nígbà òjò, àwọn ejò kan kò sì ń jẹ nǹkan mìíràn tó bẹ́ẹ̀. Òkìtì búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ ilé, pákó, páànù àtijọ́ àti igi ìdáná ni wọ́n fi ń ṣe ilé. Nínú ọgbà, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ewé gbígbẹ ti bò àti abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tó já sílẹ̀ ló yẹ kí a fura sí jù. Ilé adìẹ náà wà níbẹ̀: sèbé àti erè máa ń wá ẹyin àti òròmọdìẹ.

Òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó sì máa ń dá ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Omi tó bá kún ihò ejò á lé e síta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná tí àwọn ọdẹ ń dá sígbó nítorí òkété àti ọ̀yà máa ń lé wọn wọ àárín ilé bákan náà.

Àwọn tó sábà máa ń wọ àgbàlá

Ọ̀pọ̀ nínú ejò tí wọ́n ń pa lójúde kò ní oró tó lè pa èèyàn. Ejò ilé, ẹ̀yà Boaedon, jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, ìlà funfun-funfun sì gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Òru ló ń jáde láti pa eku àti alángbá. Ejò tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé, Philothamnus, ń jẹ àkèré, kò sì ní oró. Ó ṣeni láàánú pé òun náà ni wọ́n ń pa jù, torí ó jọ Dendroaspis jamesoni, ejò igi aláwọ̀ ewé tó ní oró líle, tó lè gùn ju mítà 2 lọ, tó sì fẹ́ràn orí igi gíga. Ẹni tí kò bá lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ èyíkéyìí. Àwọn kan tún wà tó kéré bí ekòló, tó ń jáde nínú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, tí ojú wọn kò ríran dáadáa; wọn kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan.

Ní ti àwọn olóró, orúkọ wọn kò dọ́gba láti ìlú kan sí èkejì. Sèbé àti agbádú ni wọ́n sábà fi ń pe àwọn ejò dúdú tó ń gbórí sókè, tó ń fẹ ọrùn. Ọ̀kan nínú wọn, Naja nigricollis, lè tu oró sí èèyàn lójú láti mítà 2. Òmíràn, Naja melanoleuca, oró tirẹ̀ ń mú ìpéǹpéjú wálẹ̀, ó sì lè dá èémí dúró. Paramọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe Causus maculatus, ejò kúkurú tó ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́. Bíbù rẹ̀ ń dunni, ó sì ń mú ara wú, ṣùgbọ́n kì í sábà pa èèyàn. Bitis gabonica léwu jù ú lọ: ó sanra, eyín rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, batani ara rẹ̀ sì jọ ewé kòkó gbígbẹ débi pé èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìrí i. Kì í tètè sá.

Erè, tí àwọn mìíràn ń pè ní òjòlá, kò ní oró rárá. Fífún ló fi ń pa ẹran. Àwọn olùsìn Òṣùmàrè bọ̀wọ̀ fún un, òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè sì wà lábẹ́ àkóso àdéhùn CITES.

Ìtọ́jú àgbàlá

Kí a gé koríko mọ́lẹ̀ yí ilé ká, kí a gbé igi ìdáná sórí nǹkan tó ga kúrò nílẹ̀, kí a sì fi sìmẹ́ńtì dí ihò ara ògiri àti ti fẹ́ǹsì. Àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ya àti ìdérí sọkawéè tó sán ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé. Ẹ̀ka igi tó bá kan òrùlé, kí a gé e. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọgbà nílò bàtà òjò, kó sì fi ọkọ́ tàbí igi tú ewé ká kó tó fọwọ́ kàn án. Ní alẹ́, tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tẹ ejò mọ́lẹ̀ láàárín ilé àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà níta, níbi tí wọ́n rò pé àwọn mọ̀ dunjú.

Imí ọjọ́, káńfọ̀, aáyù àti orógbó ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ láti lé ejò. Àdánwò tí wọ́n ti ṣe lórí imí ọjọ́ àti káńfọ̀ kò fi hàn pé ejò bìkítà fún wọn. Kẹrosíìnì àti ọ̀tápíàpíà tí àwọn kan ń wọ́n sílẹ̀ tún burú sí i: ilẹ̀ ọgbà, adìẹ àti ọmọdé ni wọ́n ń pa lára.

Àwọn àgbà ní kí a má súfèé lóru, kí a má sì dárúkọ ejò ní òkùnkùn. Okùn ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó ń kó ìpayà bá ilé ni ìgbàgbọ́ pé bí a bá pa ọ̀kan, èkejì rẹ̀ á wá gbẹ̀san. Ejò kì í gbé bí tọkọtaya. Òwe wa pàápàá sọ ọ́ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí méjì bá fara hàn ní ọ̀sẹ̀ kan náà, oúnjẹ kan náà ló pè wọ́n.

Bí a bá rí ejò níta, kí a fà sẹ́yìn, kí a kó ọmọdé àti ajá kúrò, kí a sì jẹ́ kó rí ọ̀nà lọ. Bí ó bá wọ inú yàrá, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀, kí a wá ọdẹ tó mọṣẹ́. Ẹni tó gbé igi láti pa á ló sábà máa ń wà nítòsí eyín rẹ̀ jù. Orí ejò tí a ti gé pàápàá ṣì lè buni jẹ fún ìgbà díẹ̀.

Bí ejò bá buni jẹ

Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìbuniṣán ejò sára àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì. Ìṣirò àjọ náà ni pé ó ń pa èèyàn láàárín 81,000 sí 138,000 lọ́dọọdún. Ilé ìwòsàn nìkan ló ní aporó tó ń ṣiṣẹ́. Nàìjíríà ń lo EchiTAb-G, tó wà fún oró Echis, ejò ilẹ̀ ọ̀dàn tó ń pa èèyàn jù ní àríwá, àti EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica fún oró Echis, Bitis arietans (ìbátan Bitis gabonica) àti Naja nigricollis. Ìdí nìyí tí àpèjúwe ejò fi wúlò fún dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lépa ejò nítorí rẹ̀. Dókítà tún lè bu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́, kó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá dì, oró ti ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́.

Kí a tó gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn, kí a bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò, kí a fi igi ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà kó má ṣe mira, kí a sì mú aláìsàn lọ́kàn le. A kì í fi okùn dì í pinpin, a kì í sín gbẹ́rẹ́ sí i, a kì í fẹnu fa oró, òkúta dúdú kò sì lè fà á jáde. Bí ó bá jẹ́ ojú ni sèbé tu oró sí, omi púpọ̀ ni kí a fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, láìfọwọ́ ra á. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwòsàn. Bí kò bá sí mọ́tò, ọ̀kadà tó: kí aláìsàn jókòó láàárín ọlọ́kadà àti ẹnì kan tó máa dì í mú lẹ́yìn.