Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Goodwood: ìbéèrè àbúrò mi àti ìdáhùn mi

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní London ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àjọ̀dún mọ́tò Goodwood, Festival of Speed, kí ó tó rántí pé ọmọbìnrin òun kò tíì ju ọdún mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Ni ìbéèrè bá ń rọ́ wọlé sórí fóònù mi, nítorí èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ síbẹ̀ nínú ẹbí wa. Mo kó wọn jọ síbí pẹ̀lú èsì tí mo fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n tilẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ṣé wọ́n ń du ipò kìíní ni?

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyẹn. Kì í ṣe pé ogún mọ́tò ń lé ara wọn yípo pápá. Ọgbà ńlá tó yí ilé Duke of Richmond ká ni, ní West Sussex, lẹ́bàá ìlú Chichester. Ọ̀nà kan gba iwájú ilé náà kọjá, ó gun òkè wọ inú igi lọ. Gígùn rẹ̀ kò pé kìlómítà méjì, 1.87 ni. Mọ́tò kan á dá gùn ún, wọ́n á ka àkókò rẹ̀, òmíràn á tẹ̀ lé e. Láti 1993 ni wọ́n ti ń ṣe é. Nǹkan bí 25,000 èèyàn ló wá lọ́dún àkọ́kọ́. Ní báyìí, àwọn tó ń wá láàárín ọjọ́ mẹ́rin lé ní 200,000.

Ó dára fún ọmọdé nítorí pé mọ́tò kan kì í jọ èkejì: o rí èyí tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ń tú èéfín bíi ti ẹni tó ń dáná igi, o rí Formula One, o rí alùpùpù. Ibi tó ti le ni pé, níbi tí o bá dúró sí, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ni mọ́tò fi ń kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ ó dúró. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ mú ọmọ mi lọ, bí mo ṣe ń nawọ́ sí mọ́tò kan tí mo ti ń ka ìtàn rẹ̀ láti kékeré, ẹ̀yìn ló kọ sí i. Ó ń fa koríko gbígbẹ yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lára ìdì koríko tí wọ́n fi ṣe odi ọ̀nà.

Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má tilẹ̀ dán an wò.

Ibí ni kí o fọkàn sí ju gbogbo ibi yòókù lọ.

Dẹ́síbẹ́lì (dB) ni wọ́n fi ń wọn ariwo, ìṣirò rẹ̀ kò sì dà bíi ti gàrí. Bí ó bá fi mẹ́ta péré lé, agbára ariwo ọ̀hún ti di ìlọ́po méjì. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń lò ni pé àgbàlagbà lè wà nínú 85 dB fún wákàtí mẹ́jọ. Bó bá di 88, wákàtí mẹ́rin. Bó bá di 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Mọ́tò Formula One àtijọ́ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá lè lé ní 120. Àgbàlagbà sì ni wọ́n ṣírò yẹn fún o. Ihò etí ọmọdé kéré, ó sì kúrú. Ohùn tó bá ń han gooro túbọ̀ ń le sí i nínú rẹ̀ kí ó tó dé awọ inú etí. Ohùn gooro gan-an sì ni ti ẹ̀ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́wàá wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń yí ju ìgbà 18,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, láìní sàléńsà. Ti òde òní, láti 2014, kò pariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni gbogbo wa ń torí ẹ̀ lọ sí Goodwood.

Má sọ fún mi pé ọmọ Yorùbá ni, pé ó ti sùn sábẹ́ sípíkà níbi òwàḿbẹ̀ rí. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Oorun kì í dí etí. Irun tín-ín-tín kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gbé ohùn ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Èyí tó bá ti kú níbẹ̀ kì í hù mọ́, yálà ọmọ sunkún nígbà náà tàbí kò sunkún.

Irú ìbòtí wo ni kí n rà?

Èyí tó rí bíi hẹ́dífóònù, irú èyí tí àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú lórí ilẹ̀ máa ń dé. Fi fóòmù kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí sílẹ̀; ẹnu ni ọmọ ọdún mẹ́ta máa kì í bọ̀, ó sì lè há a lọ́fun. Wo ara páálí rẹ̀, o máa rí lẹ́tà SNR àti nọ́ńbà kan. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 25, ariwo 110 á dín sí nǹkan bí 85 bí ìbòtí náà bá lẹ̀ dáadáa. Ìyẹn ni pé ìbòtí nìkan kò tó, ó yẹ kí ẹ tún jìnnà sí ojú ọ̀nà. Ní gbangba, bí o bá lọ dúró níbi tó jìn ní ìlọ́po méjì, nǹkan bí 6 dB ló máa dín, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ariwo náà ló kù yẹn. Òkè koríko wà lẹ́yìn èrò tí ẹ lè jókòó sí, ẹ ó sì rí i dáadáa.

Ọ̀rọ̀ irun tún kù, àwọn tó ṣe ìbòtí kò ro tiwa mọ́ ọn. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara yí etí ká. Ìlẹ̀kẹ̀ irun tàbí wúlì tó bá há sábẹ́ rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún ariwo nìyẹn. Ṣùkú náà kò ṣe é, nítorí àárín orí ni irin ìbòtí ń gbà kọjá. Kòlẹ́sẹ̀ ni kí o dì fún un lọ́sẹ̀ náà. Bí ìwọ fúnra rẹ bá fẹ́ wé gèlè lọ, ọ̀ràn tìrẹ nìyẹn.

Ó máa yọ ọ́ sọnù ni. Fìlà gan-an, kì í jẹ́ kí ó pẹ́ lórí òun.

Ra á ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Jẹ́ kí ó máa dé e nílé nígbà tí o bá ń lo ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ tàbí bùléńdà, kí ó lè fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ariwo ń lọ sílẹ̀ bí òun bá ti dé e. Kí ìwọ náà ra tìrẹ, kí o sì dé e níṣojú rẹ̀. Èmi kò dé nǹkan kan ní tèmi. Kò pé wákàtí kan tí ọmọ mi fi yọ tirẹ̀ nítorí Dádì kò dé e, kò sì sí èsì lẹ́nu mi. Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ kúrò létí ọ̀nà. Má bá a jà.

Mo gbọ́ pé mọ́tò oníná ló yára jù níbẹ̀ báyìí. Ìyẹn kì í pariwo, àbí?

Òótọ́ ni pé oníná ni. Ní 1999, Nick Heidfeld fi McLaren gun òkè náà ní ìṣẹ́jú àáyá 41.6, ó sì pẹ́ ogún ọdún kí Volkswagen oníná kan tó bọ́ sábẹ́ ogójì ní 2019. Ní 2022, mọ́tò kékeré kan, McMurtry Spéirling, tí Max Chilton wà, gùn ún ní 39.08. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́ o! Fáànù wà nínú rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde kí mọ́tò náà lè lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìró fáànù ọ̀hún sì le. Ẹ má ṣe yọ ìbòtí nítorí pé wọ́n kọ "oníná" sí i lára.

Ṣé kí n gbé bọ́gì, àbí kí n pọ̀n ọ́n?

Gbé méjèèjì. Ilẹ̀ koríko tó ń gun òkè ni, bí òjò bá sì rọ̀, ẹrẹ̀ ni. Bọ́gì onítáyà ńlá ló ṣe é tì. Ibi tí ẹ ó ti kó omi àti oúnjẹ sí nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ó ti máa sùn. Àmọ́ láàárín èrò, inú bọ́gì, ẹsẹ̀ àti ìdí àwọn èèyàn nìkan ni ọmọ ń rí. Ìgbà yẹn ni ọ̀já wúlò. Mo rí ìyá kan tó pọ̀n tirẹ̀ níbẹ̀, ìbòtí aláwọ̀ ewé lórí ọmọ náà, ó ń sùn fọnfọn. Ní ti gbígbé e lé ọrùn, jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ṣe ìyẹn lẹ́yìn èrò, kí ẹlòmíì lè rí iwájú.

Ṣé mọ́tò kò ní ya lu èèyàn?

Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ní 2000, mọ́tò kan kúrò lójú ọ̀nà, awakọ̀ náà àti òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà kan sì kú. Ibi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́nà ni ewu pọ̀ sí. Má lọ dúró síbẹ̀ nítorí fọ́tò. Bí òṣìṣẹ́ bá ní kí ẹ sún sẹ́yìn, ẹ sún kíá. Ìjì náà wà: ní 2023, wọ́n fagi lé gbogbo ètò ọjọ́ Sátidé nítorí ẹ̀fúùfù líle.

Bí ó bá sọnù láàárín èrò yẹn ńkọ́?

Kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sí i lápá pẹ̀lú bírò tí omi kì í tètè fọ̀. Ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí aṣọ tó wọ̀ lè hàn. Lẹ́yìn náà, kọ́ ọ ní orúkọ rẹ. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ nílé wa, àmọ́ bí òṣìṣẹ́ bá bi í léèrè, "Mọ́mì" kò ní wúlò fún wọn. Sọ fún un pé ọjọ́ yẹn nìkan ni òun láǹfààní ẹ̀.

Bí ìwọ bá sì ń wá a, oríkì rẹ̀ ni kí o fi pè é. Bí o bá kígbe orúkọ òyìnbó tí ẹ fún un, ọmọ mẹ́fà á yíjú. Bí o bá kígbe "Àbẹ̀ní ò!" lórí òkè Sussex, ọmọ kan ṣoṣo ló máa dáhùn.

Ọjọ́ wo ni kí a lọ?

Ọjọ́bọ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀ranyàn, ẹ lo àyè yẹn. Èrò kò pọ̀ tó ti òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ dé láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì múra láti kúrò ní aago méjì ọ̀sán. Ọkọ rẹ á bínú. Ẹ̀ẹ̀kan ni.

Kí ló máa gbádùn níbẹ̀ gan-an?

Kì í ṣe ohun tí ẹ tìtorí ẹ̀ lọ. Ti ọmọ mi ni katakata tó ń fa mọ́tò tó bà jẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú, lẹ́yìn náà ni koríko. Mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún àwọn mọ́tò ṣe, kí ó rí táyà tó ga jù ú lọ àti ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò.

Bí ó bá sì wù ú, ó kù díẹ̀ kí ó tó ọjọ́ orí Settrington Cup. Ní pápá eré mọ́tò Goodwood ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, nígbà Revival, àjọ̀dún eré mọ́tò àtijọ́ wọn, nínú oṣù kẹsàn-án. Àwọn ọmọdé ni awakọ̀, wọ́n á sáré lọ wọ Austin J40, mọ́tò onírin kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà. Láti 1949 sí 1971 ni wọ́n fi ṣe mọ́tò ọ̀hún ní Bargoed ní Wales, àwọn awakùsà èédú tí eruku ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ ló sì ṣe é, nítorí wọn kò lè padà sí abẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ariwo kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ti àwọn òbí.