Ṣé abẹ́rẹ́ ló wo ojú tó ń rí nǹkan ní méjì sàn?

Obì ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń tà ní Ṣàgámù. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo nǹkan ti di méjì lójú wọn: obì kan ń di méjì, igba náírà ń di méjì, owó oníbàárà wá ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Aládùúgbò kan júwe ọkùnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sí ara, bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ṣe é. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Màmá ń lọ. Nígbà tó fi máa tó oṣù méjì ààbọ̀, ojú wọn ti bọ̀ sípò. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú ń dun òun, abẹ́rẹ́ ni Màmá ń júwe fún un.

Mo bá wọn yọ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé abẹ́rẹ́ ló ṣe é.

Iṣan 6 ló ń yí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Nẹ́ẹ̀fù 3 ló ń gbé àṣẹ wá bá wọn láti inú ọpọlọ. Bí ọ̀kan nínú àwọn nẹ́ẹ̀fù yìí bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ojú kan á yí, èkejì ò ní bá a yí, àwòrán méjì ni ọpọlọ á sì gbà. Màmá ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Àìsàn méjèèjì máa ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín tó ń bọ́ nẹ́ẹ̀fù. Irú èyí sì sábà máa ń sàn fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù 3, yálà a gún abẹ́rẹ́ tàbí a ò gún un. Ká ní àgbo ni Màmá mu lákòókò yẹn, àgbo la ò bá máa yìn. Ká ní gbẹ́rẹ́ ni wọ́n sín, ẹni tó sín in ni ì bá gba ọpẹ́.

Abẹ́rẹ́ yìí ní ibi tó ti ń ran àwọn kan lọ́wọ́, bí ẹ̀yìn ríro. Ní ti ojú tó ń rí méjì, kò sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Gígún un sẹ́bàá ojú tún léwu. Àwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ nípa àwọn tí abẹ́rẹ́ náà wọ inú ẹyinjú wọn.

Èyí tí kì í sàn fúnra rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú ọpọlọ lè tẹ nẹ́ẹ̀fù ojú: ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ọmọlójú á fẹ̀, orí á máa fọ́ burúkú. Bí òpó náà bá bẹ́, ó lè pa ènìyàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Rọpárọsẹ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí ẹnu wọ́, kí ọwọ́ kan rọ. Ta ni yóò ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà wá gba abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Àìsàn gẹ̀gẹ̀ tún lè mú kí ojú máa rí méjì, èyí sì ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Bí ẹ bá ń rí méjì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, ẹ wòran. Ẹ ṣí i, ẹ bo èkejì. Bí nǹkan bá di ẹyọ kan, ojú èyíkéyìí tí ẹ ìbáà bò, a jẹ́ pé ojú méjèèjì ni kò bára wọn rìn mọ́. Bí ojú kan ṣoṣo bá ṣì ń rí méjì, inú ojú yẹn ni wàhálà wà, bóyá kàtáráàtì, ìyẹn kí inú ẹyinjú ṣú bí ìkùukùu. Ẹ má jókòó sílé: ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù níbẹ̀. Wọ́n á wo ojú, wọ́n á wọn ṣúgà àti ìfúnpá. Kó tó sàn, bíbo gíláàsì kan nínú awò ojú yóò jẹ́ kí ènìyàn lè ka owó rẹ̀, gíláàsì àkànṣe sì wà tó ń mú àwòrán méjèèjì papọ̀. Èyí tí kò bá lọ lẹ́yìn oṣù púpọ̀, iṣẹ́ abẹ lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń rí méjì má wa mọ́tò o, pàápàá níbi tí ọ̀nà Èkó, Ìbàdàn àti Ọrẹ̀ ti pàdé ní Ṣàgámù.

Màmá ṣì ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fi kún un pé àwọn ń lo oògùn àtọ̀gbẹ lákòókò náà. Wọ́n ti ń sọ ọ́ báyìí.