Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé òkúta wà ní ọ̀nà òróòro kí ọ̀bẹ tó kan ara?

Kí wọ́n tó gé àpò òróòro aláìsàn kúrò, ìbéèrè kan wà nílẹ̀: ṣé inú àpò náà nìkan ni òkúta wà, àbí ọ̀kan ti bọ́ sínú ọ̀nà tóóró tí òróòro ń gbà lọ sí ìfun? Nínú 100 ènìyàn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, bíi 10 sí 20 ló máa ń ní òkúta lọ́nà náà. Bí wọ́n bá gbójú fò ó, àpò á lọ, òkúta á ṣẹ́kù, ìrora á sì padà wá. Àwọn kan gbà pé ìlànà tí ASGE, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ti ẹ̀rọ gba ọ̀fun wo inú ikùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2010 ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìmọ̀tẹ́lẹ̀ yìí. Èmi ò gbà. Basel ní Switzerland ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ kan, Ludwig Courvoisier.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Ní 1341, Gentile da Foligno, dókítà ará Ítálì, rí òkúta nínú àpò òróòro òkú kan tí wọ́n là ní Padua. Antonio Benivieni, dókítà ará Florence, kọ nípa irú òkúta bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1507 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ara òkú ni àwọn méjèèjì ti rí i. Síbẹ̀, ọkàn mi ò gbà pé ẹni tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò ṣàì bi àwọn ará ilé olóògbé léèrè: báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí nígbà tó wà láyé? Ìtọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá béèrè, a jẹ́ pé wọ́n ti ń so àmì ara alààyè mọ́ ohun tí ọ̀bẹ tú síta. Èdè Yorùbá náà ti wo àmì méjèèjì yìí dáadáa. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ là ń pè é: ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n. Òkúta nìkan kọ́ ló ń fà á, àmọ́ bí òróòro ò bá rí ọ̀nà dé ìfun, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń padà sí, á yọ lójú, á sì bá ìtọ̀ jáde.

Àwọn mìíràn a máa gbé Jean-Martin Charcot ti Paris lárugẹ, tó to ibà, ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún àti ojú pípọ́n pọ̀ ní 1877. Ọ̀nà òróòro tó ti dí, tí àrùn ti wọ̀, nìyẹn ń tọ́ka sí. Òkúta tó jókòó jẹ́ẹ́ kò sí nínú rẹ̀.

Ní 1882, Carl Langenbuch gé àpò òróòro kúrò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Berlin. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Courvoisier tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ó kó ìtàn aláìsàn 187 jọ, tí ọ̀nà òróòro gbogbo wọn dí. Òkúta ló dí ti 87. Nǹkan mìíràn ló dí ti 100 tó kù. Lára àwọn olókùúta 87, 17 péré ni àpò òróòro wọn wú. Lára 100 yẹn, 92 ni! Àlàyé rẹ̀ ni pé òkúta ti ń yọ àpò náà lẹ́nu fún ọdún pípẹ́; ara rẹ̀ á ti le, á ti súnkì, kò ní lè fẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ojú bá pọ́n, tí ọwọ́ sì kan àpò tó wú lábẹ́ ìhà, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ òkúta. Ọwọ́ lásán ló tó láti fi wá àmì yìí, kò sí ẹ̀rọ. Kò búra fún ẹnikẹ́ni. Iye ló fi sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Pablo Mirizzi ya àwòrán ọ̀nà òróòro pẹ̀lú X-ray ní Argentina ní 1931, ṣùgbọ́n wọ́n ti la ikùn kí ó tó yà á.

Àwọn ìyókù yára. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, sikáànù dé. Ní 1968 wọ́n ti ẹ̀rọ gba ẹnu dé ẹnu ọ̀nà òróòro. Ní 1974 wọ́n ti ń gba ibẹ̀ yọ òkúta. Ní 1985, Erich Mühe ní Jámánì gba ihò kékeré yọ àpò náà, oníṣẹ́ abẹ ò sì lè fọwọ́ kan ọ̀nà òróòro mọ́, ìmọ̀tẹ́lẹ̀ wá di dandan. Ìlànà 2010 ní bí bilirubin, èròjà òróòro tó ń mú ojú pọ́n, bá ju 4 mg/dL lọ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ti tó láti ka aláìsàn sí ẹni tó ṣeé ṣe gan-an kí òkúta wà lọ́nà òróòro rẹ̀. Ní 2019, ASGE ní kí ọ̀nà òróòro rẹ̀ fẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọn tí wọ́n ti ẹ̀rọ gba ọ̀fun wọn láìrí òkúta kankan ti pọ̀ jù. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n ka aláìsàn, bí Courvoisier ti kà wọ́n.