Ara fínfín láàárín àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ara fínfín, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní tátúù, ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ti tàdáwà bọ abẹ́ awọ ara, kí àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ tó bá hàn níbẹ̀ má ṣe parẹ́ mọ́. Láàárín àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ìlọrin àti ti àwọn ìlú gúúsù Kwara bí Ọ̀ffà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán, ẹnu kò kò lórí rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ ni lójú àwọn kan, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú àwọn mìíràn, àwọn kan sì wà tí kò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀ bí kò bá ti sí níta gbangba. Ìta gbangba yìí gan-an ló mú ọ̀rọ̀ oníkẹ̀kẹ́ yàtọ̀. Akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì lè fi aṣọ bo apá rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, oòrùn mú un ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó sì ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò kí ṣéènì má baà gbá a mú. Ohun tó bá wà lára rẹ̀, gbogbo títì ló máa rí i.

Kẹ́kẹ́ àti kẹ̀kẹ́

Ohùn nìkan ló ya orúkọ méjèèjì. Kẹ́kẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára ilà ojú ilẹ̀ Yorùbá, bí àbàjà, pélé, gọ̀mbọ́ àti túrè. Kẹ̀kẹ́ ni èyí tí à ń gùn. Bí a ṣe ń gun ẹṣin náà la ṣe ń gùn ún, ìyẹn sì bá Ìlọrin mu dáadáa, ìlú tí oríkì rẹ̀ sọ pé ẹṣin ni eégún ilé wọn. Lóde òní, bí ènìyàn bá sọ pé "kẹ̀kẹ́" ní Ìlọrin, Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò ni ọkàn ọ̀pọ̀ máa ń lọ sí. Èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ wà ni kẹ̀kẹ́ ológeere. Alùpùpù tó ń gbé èrò ni ọ̀kadà, orúkọ tó wá láti ara Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní Benin ní 1983. A kó ológeere àti ọ̀kadà pọ̀ níbí nítorí iyàn kan náà ni wọ́n ń jà lórí àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọlọ́kadà lè pàdánù nídìí rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó ń gun ológeere fún eré ìdárayá lọ.

Àwọn àmì tó ṣáájú tátúù

Ẹni tó bá ní àṣà òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ara fínfín, ó ṣeé ṣe kó má tíì wo apá ìyá rẹ̀ àgbà dáadáa. Kí ẹ̀rọ tátúù tó dé ni olóòlà ti wà. Òun ló ń kọlà, òun ló ń dábẹ́, òun náà ló sì ń fín kóló. Kóló jẹ́ ọ̀ṣọ́ tó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin: olóòlà á fi abẹ ya awọ wẹ́wẹ́ sí apá, ẹ̀yìn tàbí itan, yóò fi dúdú èédú ra ojú rẹ̀, bó bá sì jinná, iṣẹ́ dúdú tó tò lẹ́sẹẹsẹ ló máa kù níbẹ̀. Alángbá wà lára àwòrán tí wọ́n máa ń fín. Ẹ̀rí ìgboyà ni pẹ̀lú, torí obìnrin tó bá jókòó jẹ́ẹ́ títí olóòlà fi ṣe tán ti fi hàn pé òun lè fara da ìrora.

Ògún ló ni iṣẹ́ olóòlà, nítorí irin ni. Ògún yìí náà ni alágbẹ̀dẹ, awakọ̀ àti ọlọ́kadà tó ṣì ń ṣe ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ń júbà fún. Ìlọrin alára kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ irin: ìtàn ìlú sọ pé ara òkúta kan tí wọ́n ti ń lọ irin, tó wà ní agbo ilé Bándélé, ni orúkọ ìlú ti jáde. Ní Ẹ̀sìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà nítòsí Òmù-Àrán, àwọn ère òkúta tó lé ní 800 wà nínú mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí ní 1945, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ilà wà lójú púpọ̀ nínú wọn. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn dájúdájú, ṣùgbọ́n ẹni náà mọ̀ pé ojú ènìyàn kì í ṣófo.

Láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ilẹ̀ Yorùbá ló fi abẹ́rẹ́ fín orúkọ ara wọn sí apá. Ó ṣì wà lára àwọn àgbàlagbà: lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, nígbà mìíràn kí lẹ́tà tó kẹ́yìn fún mọ́ ìgúnpá nítorí pé ẹni tó ń fín in kò wọn àyè kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ á ti yí sí ti aró. Dúdú ni wọ́n fi fín in; bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú awọ kọjá kó tó padà sójú wa ló ń mú kó dà bí aró.

Nítorí náà, iyàn tó wà nílẹ̀ kọ́ ni bóyá ó yẹ kí ara ènìyàn ní àmì. Ẹni tó ní kí wọ́n fi síbẹ̀ ni iyàn. Ilà ojú, ìdílé ló ń kọ ọ́ fún ọmọ ọwọ́. Gbẹ́rẹ́, babaláwo tàbí oníṣègùn ló ń sín in fún ẹni tó ń wá ààbò tàbí ìwòsàn, títí kan awakọ̀ tó ń bẹ̀rù jàǹbá. Tátúù, olúwarẹ̀ ló dá a ní, ó sì lè má sọ fún ará ilé títí wọn yóò fi rí i lára rẹ̀. Èyí gan-an ló ń dun àwọn àgbà jù.

Ojú tí ẹ̀sìn fi wò ó

Ìlú àáfáà ni Ìlọrin, ohùn wọn sì ṣe kedere. Nínú hádíìsì tí Bùhárì àti Múslímù gbà wọlé, Ànábì ṣẹ́bi lé obìnrin tó ń fín ara fún ẹlòmíràn àti èyí tó ní kí wọ́n fín òun, torí náà ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ kà á sí èèwọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, pé àlùwàlá ẹni tó ní tátúù kò mọ́. Èyí kì í ṣe òótọ́ gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe. Abẹ́ awọ ni tàdáwà wà, kò dí omi lọ́wọ́ láti kan awọ, kò dà bí ọ̀dà èékánná. Ẹni tó bá ti fín in tẹ́lẹ̀ kó ronú pìwà dà, kó sì máa kírun rẹ̀ lọ. Làálì ni ọ̀nà tó wà fún ẹni tó fẹ́ ọ̀ṣọ́ láìdẹ́ṣẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó Ìlọrin tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó kò ní pọ́n fún un, kì í sì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó ṣí. Àmọ́ "làálì dúdú" tí wọ́n po aró irun mọ́ yàtọ̀ o. Kẹ́míkà inú aró náà lè bó awọ ẹlòmíràn tàbí kó mú un lé ròrò.

Ní gúúsù Kwara, níbi tí Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ sí, Léfítíkù 19:28 ni wọ́n sábà máa ń kà, ẹsẹ tó kọ gbẹ́rẹ́ sísín nítorí òkú àti àmì kíkọ sí ara. Àwọn tí kò gbà pé ó kan tátúù máa ń fèsì pé òfin àwọn Júù ni, pé ọ̀rọ̀ òkú ló sì ń sọ. Pásítọ̀ tó ní àbàjà lẹ́rẹ̀kẹ́ kì í fẹ́ kí iyàn náà gùn.

Ohun tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń bára wọn sọ

Àwọn tó fara mọ́ ọn lára àwọn tó ń fi ológeere ṣe eré ìdárayá ń wo òkè òkun. Bradley Wiggins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ní 2012, fín apá rẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá tó ti lọ sí Òlíḿpíìkì, ìdíje tí eré kẹ̀kẹ́ ti wà nínú rẹ̀ láti 1896, ló fín òrùka márùn-ún sára. Ẹ̀yìn ojúgun, níbi tí ẹran ẹsẹ̀ ti ki, ni ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ yàn láàyò. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: nígbà tí wọ́n bá tò lórí títì, ibẹ̀ ni ojú ẹni tó wà lẹ́yìn máa ń wà, bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tún ní tátúù tirẹ̀ tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún akọ́ṣẹ́ bá fara kan ṣéènì, gírísì á tẹ eyín irin mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i lára, dúdú kirikiri, gbogbo ẹni tó bá sì rí i mọ̀ pé olúwarẹ̀ kò tíì mọ kẹ̀kẹ́ í dúró lé. Ọṣẹ lásán kì í tètè bọ́ ọ.

Àwọn tó lòdì sí i kì í sábà sọ pé kò dára lójú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kẹ̀kẹ́ kì í gbé ènìyàn jìnnà sí àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bí a bá gùn ún láti Tanke, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin pọ̀ sí tí ẹnikẹ́ni kò sì ní wo apá rẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí a tó dé Ọjà Ọba, ojú àwọn àgbà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọwọ́ náà. Ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó tún ní ti àna láti rò. Bàbá ìyàwó lè má bèèrè, ṣùgbọ́n yóò ti rí i.

Ti ọlọ́kadà le jù, nítorí oúnjẹ wà nídìí rẹ̀. Èrò tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kò ní ohun mìíràn láti wò ju ọrùn, èjìká àti apá ẹni tó gbé e lọ. Bí ejò bá lọ́ mọ́ apá náà láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, èrò mìíràn á rò pé ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn lòun gùn lẹ́yìn, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Èrò náà lè ṣì í pátápátá. Bẹ́ẹ̀, kì í dúró gbọ́ àlàyé. Ọ̀kadà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni yóò pè. Àwọn ọlọ́kadà tó ti dàgbà máa ń gba àwọn ọmọdé inú wọn nímọ̀ràn pé bí wọn yóò bá fín in dandan, kí wọ́n fín in sí àyà tàbí òkè apá, níbi tí ẹ̀wù ọlọ́wọ́ kúkúrú ti lè bò ó. Àwọn ọmọdé á ní kí wá ni ìwúlò rẹ̀ nígbà náà.

Àárín méjèèjì ni àwọn tó ń wọ ìbọpá wà, aṣọ fẹ́lẹ́ tó ń bo apá láti èjìká dé ọrùn ọwọ́ nítorí oòrùn. Ó ń bo tátúù pẹ̀lú, bí ẹni tó ra góòlù tó sì gbé e sínú àpótí.

Òfin àti ọlọ́pàá

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kọ̀ ọ́ ní abala 24 rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni fín ara ọmọdé tàbí kó kọ àmì sí i lára. Ó kan tátúù, ó sì kan ilà ojú. Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó sọ òfin náà di tirẹ̀. Àgbàlagbà ní òmìnira lórí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ronú láti wọ iṣẹ́ ológun kó tún un rò, nítorí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ àti ti ojú omi kì í fẹ́ ẹni tó ní àwòrán fínfín lára. Ìfura ọlọ́pàá sí ọ̀dọ́ tó ní tátúù tàbí tó di dàda wà lára ohun tó bí ìwọ́de ọdún 2020, tó mú kí wọ́n tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti olè, ká ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún náà. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ló rọrùn jù láti dá dúró.

Oòrùn, òógùn àti ọ̀dà

Samuel O'Reilly ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tátúù oníná ní New York ní 1891. Ó tún kálámù oníná Thomas Edison ṣe ni. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gba ìpele òkè awọ kọjá lọ sí ìpele kejì. Ìpele òkè máa ń ṣí, tuntun á sì jáde, ṣùgbọ́n ní ìpele kejì, àwọn ẹ̀yà ara wíńníwínní tó ń gbógun ti àjèjì á gbé tàdáwà náà mì, wọ́n á sì dì í mú síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn lè kó kòkòrò éèdì tàbí ti àrùn mẹ́dọ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn adúláwọ̀ sì tún ní láti ṣọ́ra fún àpá tó ń wú ju ojú ọgbẹ́ lọ, tó máa ń le lára àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ, tó sì sábà máa ń wà nínú ìdílé. Lára awọ dúdú, ilà dúdú tó nípọn ló ń hàn jù. Àwọ̀ ìyeyè àti àwọn àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni ojú rẹ̀ fi ń jinná, oníkẹ̀kẹ́ kò sì fẹ́ràn láti jókòó sílé tó bẹ́ẹ̀. Òógùn, eruku ọ̀nà Àjàṣẹ́ lásìkò ọyẹ́ àti aṣọ tó ń ha á lára lè mú kó kẹ̀. Bó bá jinná tán, oòrùn ló kù, torí yóò máa pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, apá tó sì wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló ń jẹ ẹ́ jù. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá wá ṣubú tí ọ̀dà títì sì bó o lára, bí ìbó náà bá ti jìn tó ni yóò pinnu ohun tó máa ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ ìpele òkè nìkan ló bó, awọ tuntun á jáde, àwòrán á sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Bó bá dé ìpele kejì, àpá ni yóò gba ipò àwòrán, ẹni tó bá sì fẹ́ tún un fín ní láti dúró kí àpá náà rọ̀ kó tó padà lọ sọ́dọ̀ afínra.