Alárinà inú páìpù: bí wọ́n ṣe ń sọ CO2 di epo

Igi tí wọ́n fi dáná lálẹ́ àná, eérú rẹ̀ nìkan ló kù nínú àdògán láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó máa kó eérú yẹn padà sábẹ́ ìkòkò pé kó tún jó, torí gbogbo agbára tó wà lára igi náà ti bá iná lọ. Gáàsì carbon dioxide, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní CO2, eérú ni òun náà. Ojú ni kò rí i. Bẹntiróòlù ni o, gáàsì ìdáná ni o, èédú ni o, tàbí ẹ̀bà tí èèyàn jẹ lọ́sàn-án, nígbà tí kábọ́ọ̀nù inú wọn bá jó dé òpin, ọ́síjìn méjì á ti so mọ́ kábọ́ọ̀nù kan, ó parí. Kò lè jó mọ́. Abájọ tí wọ́n fi ń rọ ọ́ sínú sílíńdà tí wọ́n fi ń paná.

Báwo wá ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣe ń mú eérú yìí, tí wọ́n ń sọ ọ́ di epo tó tún ń jó? Nǹkan méjì ló ń ṣe é, a kò sì gbọ́dọ̀ da méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan ń mú agbára wá, èkejì ń la ọ̀nà. Kátálíìsì tí ìròyìn máa ń pariwo rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú kí nǹkan méjì tètè dà pọ̀ di òmíràn, èkejì yìí ni. Òun fúnra rẹ̀ kì í mú agbára kankan wá.

Àpẹẹrẹ tó tètè ń yéni wà ní Svartsengi, lórílẹ̀-èdè Iceland, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó kan tó ń fi ooru inú ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná. Bí omi gbígbóná ṣe ń tú jáde látinú ilẹ̀ níbẹ̀ ni CO2 ń bá a jáde. Ilé iṣẹ́ Carbon Recycling International wá kọ́ ibì kan síbẹ̀ tí yóò máa gba gáàsì yìí kó tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ní 2012 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n fi orúkọ George Olah sọ ọ́, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó di ará Amẹ́ríkà, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ kẹ́místrì ní 1994, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún aráyé pé mẹtanọ́ọ̀lù, epo olómi tí wọ́n ń fi CO2 ṣe níbẹ̀, lè rọ́pò epo rọ̀bì. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ ibẹ̀ lójú ní 2015, agbára rẹ̀ tó 4,000 tọ́ọ̀nù mẹtanọ́ọ̀lù lọ́dún, pẹ̀lú nǹkan bí 5,500 tọ́ọ̀nù CO2 tí yóò máa lò.

Mẹtanọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun mímu o. Ó jọ ọtí lójú, ó sì jọ ọ́ ní òórùn, ṣùgbọ́n májèlé ni. Òun ni wọ́n rí nínú ọ̀ràn ògógóró tó pa àwọn èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015. Iṣẹ́ rẹ̀ wà níbòmíràn: nínú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pákó pọ̀, nínú ọ̀dà, nínú ike, àti nínú ẹ́ńjìnnì. Láti 2023 ni ọkọ̀ òkun Laura Mærsk, ọkọ̀ akó-kọ̀ńténà àkọ́kọ́ tó lè lo mẹtanọ́ọ̀lù, ti ń fi í rìn.

Ìṣirò ibẹ̀ kò pọ̀. CO2 kan àti háídírójìn mẹ́ta ló ń pàdé, wọ́n á sì di mẹtanọ́ọ̀lù kan àti omi kan. Háídírójìn ló ń mú agbára wá. Òun ni igi tuntun tí eérú ń dara pọ̀ mọ́ kó tó lè jó padà. Ní Svartsengi, omi ni wọ́n ti ń rí i: wọ́n á fi iná mànàmáná gba inú omi kọjá títí háídírójìn àti ọ́síjìn yóò fi pínyà.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rọ CO2 àti háídírójìn sínú sílíńdà kan náà, tí wọ́n sì gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá, ọdún á yí po, nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Àwọn méjèèjì kò ní ohun tó máa mú wọn mọ ara wọn. Ibí ni kátálíìsì ti wọlé, iṣẹ́ alárinà ló sì ń ṣe. Láyé àtijọ́, alárinà ló ń lọ ló ń bọ̀ láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Bójú bá ti mọjú tán, alárinà á yẹ̀ba, á lọ wá ẹlòmíràn tó fẹ́ gbéyàwó. Kátálíìsì náà kì í wọ inú ohun tí wọ́n ṣe. Ó ń so wọ́n pọ̀, á yẹra, á tún gba àwọn mìíràn.

Ẹni tó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kátálíìsì mẹtanọ́ọ̀lù, ohun tó máa rí kò ju hóró dúdú kéékèèké lọ, ó dà bí oògùn oníhóró, nǹkan bíi mìlímítà 5 ní fífẹ̀. Bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú síńkì àti alumíníọ̀mù tí ọ́síjìn ti so mọ́. Hóró kọ̀ọ̀kan kún fún ihò tí ojú lásán kò lè rí, ara ògiri àwọn ihò yẹn sì ni ẹyọ bàbà wà, tó kéré débi pé bí wọ́n bá to 100,000 rẹ̀ sórí ìlà kan, gígùn rẹ̀ lè má ju mìlímítà kan lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di wẹ́wẹ́ báyìí ni pé ojú bàbà nìkan ni iṣẹ́ ti ń wáyé. Bàbà tó wà nínú lọ́hùn-ún kò rí àlejò kankan gbà.

Nígbà tí gáàsì bá dé, háídírójìn á bà lé ojú bàbà, á sì là sí méjì. CO2 ní tirẹ̀ máa ń gún gbọọrọ bí ọ̀pá, ọ́síjìn lọ́tùn-ún, ọ́síjìn lósì, kábọ́ọ̀nù láàárín. Bó bá ti rí ibi fara tì lórí kátálíìsì, á tẹ̀. Títẹ̀ yẹn ló ń ṣí kábọ́ọ̀nù sílẹ̀. Háídírójìn kan á so mọ́ ọn, òmíràn á tẹ̀ lé e, ọ́síjìn kan á yọ lọ pẹ̀lú háídírójìn méjì, ó di omi. Èyí tó kù á máa gba háídírójìn títí á fi di mẹtanọ́ọ̀lù, á sì fò kúrò. Ipa tí síńkì ń kó gan-an nínú ètò yìí, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Alárinà tí wọ́n bá yàn ló ń sọ irú ohun tí wọ́n máa rí. Bí wọ́n bá fi níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò bàbà, mẹ́téènì ni CO2 máa dà, ìyẹn gáàsì tó pọ̀ jù nínú gáàsì ilẹ̀. Paul Sabatier, ará Faransé tó gba Nobel ní 1912, ló ṣàwárí ọ̀nà yẹn, wọ́n sì ti lò ó nínú ibùdó òfuurufú àgbáyé láti gba omi padà lára èémí àwọn tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irin, ó lè so kábọ́ọ̀nù púpọ̀ mọ́ra tí yóò fi sún mọ́ bẹntiróòlù tàbí epo ọkọ̀ òfuurufú.

Ooru ibẹ̀ gba ìṣọ́ra. Bó bá tutù jù, iṣẹ́ á falẹ̀. Bó bá gbóná jù, mẹtanọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú padà. Wọ́n wá ń ṣe é láàárín 200 sí 300 dígírì Celsius, wọ́n sì ń fún gáàsì náà pọ̀ dé ìlọ́po 50 sí 100 agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá. Síbẹ̀, bí gáàsì bá gba inú páìpù kọjá lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń yí padà. Wọ́n á mú un tutù, mẹtanọ́ọ̀lù àti omi á dì sí olómi, gáàsì tó kù á sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, bí èlùbọ́ tí kò kọjá asẹ́ ṣe ń padà sínú odó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á se olómi yẹn kí mẹtanọ́ọ̀lù lè yà kúrò lára omi.

Ọ̀tá kátálíìsì yìí ni imí ọjọ́. Gáàsì tó ń jáde nínú ilẹ̀ Svartsengi ní in nínú, èyí tó máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá dé ojú bàbà, á lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì ní kúrò mọ́, àyè tó yẹ kí CO2 jókòó sí á sì di. Torí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ gáàsì mọ́ tónítóní kó tó wọlé. Omi tí iṣẹ́ náà ń mú jáde tún ń ṣàkóbá díẹ̀díẹ̀: ó ń mú kí ẹyọ bàbà wẹ́wẹ́ dà pọ̀ di ńlá, ojú tó ń ṣiṣẹ́ á sì máa dín kù títí wọn ó fi pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni owó iná. Tọ́ọ̀nù mẹtanọ́ọ̀lù kan ń fẹ́ nǹkan bíi 1.4 tọ́ọ̀nù CO2 àti kílógíráàmù háídírójìn tó sún mọ́ 190. Kílógíráàmù háídírójìn kan látinú omi ń jẹ iná tó tó 50 kílówáàtì-wákàtí, àpapọ̀ rẹ̀ á sún mọ́ 9,500. Nígbà tí wọ́n bá sì jó tọ́ọ̀nù mẹtanọ́ọ̀lù yẹn, nǹkan bíi 5,500 kílówáàtì-wákàtí ni wọ́n máa rí gbà. Kò sí kátálíìsì tó lè sọ àdánù yìí di èrè. Bí iná tí wọ́n fi pín omi bá wá láti inú ẹ̀rọ tó ń jó èédú, CO2 tí wọ́n tú sáfẹ́fẹ́ á ju èyí tí wọ́n kó lọ. Iceland lè ṣe é nítorí pé odò àti ooru inú ilẹ̀ ló ń fún wọn ní iná. Ní Anyang, nílẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ilé iṣẹ́ tó tóbi ju ti Svartsengi lọ dáadáa ti bẹ̀rẹ̀ ní 2022 pẹ̀lú agbára 110,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, gáàsì tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń yan èédú ni wọ́n ti ń rí háídírójìn. Ìṣirò tiwọn yàtọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí mẹtanọ́ọ̀lù bá jó, CO2 inú rẹ̀ á tún jáde. Wọ́n kò rì í mọ́lẹ̀, wọ́n kàn lò ó lẹ́ẹ̀kejì ni. Bí ó bá jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ tàbí lára ohun ọ̀gbìn ni wọ́n ti kó o, ó ń yípo nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ojú símíní ilé iṣẹ́ tó ń jó epo ilẹ̀ ni, ìrìn àjò rẹ̀ nìkan ni wọ́n fà gùn.

Irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Ìbẹ̀jú-Lekki, ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote, tí wọ́n ṣí ní 2022, ń fi CO2 àti amóníà ṣe yùríà, agbára rẹ̀ sì tó 3 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún. Tọ́ọ̀nù yùríà kan ń gba CO2 tó ju 700 kílógíráàmù lọ. Níbi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé, wọn kò nílò kátálíìsì, ooru àti ìfúnpọ̀ ti tó, torí amóníà ti gbé agbára háídírójìn dání wá. Àmọ́ inú gáàsì ilẹ̀ ni háídírójìn amóníà náà ti wá, ibẹ̀ kan náà ni CO2 yẹn ti wá, nígbà tí àgbẹ̀ bá sì fọ́n yùríà sídìí àgbàdo, á tú kúrò nínú ilẹ̀ padà sáfẹ́fẹ́.