Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ọjọ́ orí nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Lábẹ́ òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1967, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ tìtorí ọjọ́ orí kọ ẹni tó ti pé ẹni 40 ọdún. Nítorí náà, ó ṣọ̀wọ́n kí agbanisíṣẹ́ là á mọ́lẹ̀ pé ẹnì kan ti dàgbà jù. Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ló ń bá wọn ṣe é, ọwọ́ tó ń jọ̀ ọ́ kì í sì í hàn.

Ìkéde iṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Títí di ọdún 2019 tí Facebook gbà láti jáwọ́ níbẹ̀, agbanisíṣẹ́ lè yan pé àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni kí ìkéde òun hàn sí. Ẹni 50 ọdún kò tilẹ̀ ní gbọ́ pé iṣẹ́ wà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé yóò fẹjọ́ sùn.

Lẹ́yìn èyí ni sọ́fíwíà tó ń ka ìwé ìwáṣẹ́. Kò dìgbà tó bá béèrè ọjọ́ ìbí: ọdún tí èèyàn jáde ní yunifásítì ti tú u fó. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ fi bò. EEOC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin náà, fẹ̀sùn kan iTutorGroup, tó ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé sọ́fíwíà rẹ̀ ń já obìnrin tó ti pé 55 àti ọkùnrin tó ti pé 60 dànù. Olùwáṣẹ́ kan tí wọ́n kọ̀ ló tún ìwé kan náà fi ránṣẹ́, ọjọ́ ìbí nìkan ló yí padà. Kíá ni wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò! Lọ́dún 2023, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san 365,000 dọ́là.

Ohun tó sábà máa ń gba ẹ̀yìn kọ̀ǹkọ̀sọ̀ yìí kọjá ni ojúlùmọ̀: ẹni tó wà nínú ilé iṣẹ́, tó lè mú orúkọ èèyàn lọ bá ọ̀gá tààrà. Kíkọ iṣẹ́ ọdún 10 sí 15 tó kẹ́yìn nìkan sínú ìwé ìwáṣẹ́ náà kì í ṣe irọ́. Ní ti pé àgbà kì í kọ́ nǹkan tuntun, àwáwí ni. Irinṣẹ́ tí ọ̀dọ́ fi ń yangàn lónìí náà ń gbó lọ.

COBOL, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ti wà láti ọdún 1959, ó sì wà lára ohun tó ń tú àṣírí ọjọ́ orí nínú ìwé ìwáṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, tí àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ń rọ́ wá gba owó ìrànwọ́, Phil Murphy, tó jẹ́ gómìnà New Jersey nígbà náà, jáde sọ pé òun ń wá àwọn tó gbọ́ COBOL, torí èdè yìí ni àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ìpínlẹ̀ náà ń lò fún owó yìí ń lò. Àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn ló ní òun ń wá.