Ọgbà ẹ̀yìnkùlé àti ìpamọ́ ẹ̀fọ́ ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni ilẹ̀ kékeré tó wà nítòsí ilé, lẹ́yìn ilé ìdáná tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí àwọn ará ilé ń gbin ẹ̀fọ́, ilá, ata àti àwọn èròjà ọbẹ̀ mìíràn sí. Ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú gúúsù Kwara bíi Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òró, òjò ló ń pinnu ohun tí ọgbà náà yóò mú jáde. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á sì dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá. Èyí tó ń rọ̀ ní Ìlọrin lọ́dún tó nǹkan bí 1,200 mílímítà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀rùn máa ń dé, ọyẹ́ á sì fẹ́ láàárín rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù lọ náà ni oòrùn máa ń ṣọ̀wọ́n. Ohun tí a bá ká ní oṣù keje, tí a sì sá sórí páànù, ó lè bu kó tó gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹ ti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní tútù, tí wọ́n sì ń sá ti ìparí òjò pamọ́.

Gbígbìn

Tẹ̀tẹ̀ ló tètè ń tó jẹ jù. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn, kó má baà ṣùpọ̀ sójú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti tó fà. Irúgbìn ewédú ní tirẹ̀ ní èèpo líle tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Bí a bá kàn fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Wọ́n máa ń dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, wọn á rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá, wọn á yọ ọ́ kíá, wọn á da omi tútù lé e lórí, wọn á sì tẹ́ ẹ kó gbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ sínú omi gbígbóná, ó ti se é nìyẹn.

Ata rodo, ṣọ̀mbọ̀ àti tòmátì, ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọ́n wọn sí, lábẹ́ ibòji, kí wọ́n tó lọ́ wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìrọ̀lẹ́ ló dára láti lọ́ wọn. Igi ewúro ni à ń gé gún sílẹ̀. Gbúre kì í sábà nílò ẹni tó máa gbìn ín. Ibi tó bá ti hù rí, yóò tún hù.

Ìgbẹ́ adìẹ ni ajílẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Wọ́n ń wọ́n eérú àti omi ewé dóńgóyárò sára ewé láti lé kòkòrò. Kòkòrò kọ́ ló sì ń ba ọgbà jẹ́ jù ní àwọn ìlú wọ̀nyí, ewúrẹ́ ni. Ọgbà tí kò ní odi tàbí wáyà yí i ká, ewúrẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kórè rẹ̀.

Láàárín ìlú Ìlọrin àtijọ́, níbi tí àwọn agbo ilé ti sún mọ́ra, inú àpò àti ike tí wọ́n lu ihò sí nídìí ni àwọn kan ń gbin ata àti ẹ̀fínrín sí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ máa ń pọnmi láti odò Asà bomi rin ebè wọn, àmọ́ odò náà ń gba omi ìdọ̀tí ìlú, nítorí náà ó yẹ kí a fi omi tó mọ́ fọ ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ilá àti òrúnlá

Ẹ̀yà ilá méjì ló wà. Èkínní, Abelmoschus esculentus, máa ń so láàárín nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60 lẹ́yìn gbígbìn. Èkejì, Abelmoschus caillei, jẹ́ ilá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ó máa ń ga, ó sì máa ń pẹ́ lóko, ṣùgbọ́n kì í so dáadáa títí ọ̀sán á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ó ń so, ìyẹn ni pé ilá rẹ̀ àti oòrùn tí yóò sá a jọ ń dé ni. Díẹ̀ ni ohun mìíràn nínú ọgbà tó bá ìgbà mu tó bẹ́ẹ̀.

Ilá gbọ́dọ̀ jẹ́ kíká ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí tó bá gbó lórí igi ń le, ó sì ń dá igi dúró láti má so mọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ sá, wọ́n máa ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kó tinrín kó sì dọ́gba, nítorí pé èyí tó nípọn máa ń gbẹ lẹ́yìn kó ṣì tutù nínú. Wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí ẹní, atẹ tàbí páànù òrùlé. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, orí àpáta gbígbóná náà wúlò. Wọn á máa yí i padà, wọn á sì kó o wọlé ní ìrọ̀lẹ́ kí ìrì má baà sẹ̀ sí i. Ó gbẹ nígbà tó bá ń dún ṣákáṣáká lọ́wọ́, tí ó sì ń kán dípò kó tẹ̀. Wọn á wá gún un lódó, wọn á sì jọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun yìí ni òrúnlá, tó ṣì ń yọ̀ lọ́bẹ̀ nígbà tí ilá tútù bá wọ́n lọ́jà.

Ìpamọ́ àwọn yòókù

Ìṣápá náà ń tẹ̀ lé kíkúrú ọ̀sán: ìparí òjò ni ó ń tanná. Funfun rẹ̀ ni à ń bọ̀ láti dín kíkan rẹ̀ kù kí a tó fi se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí; pupa rẹ̀ ni à ń sá fún sóbò. Lúrú, ọbẹ̀ tí a mọ Ìlọrin mọ́, wá láti ara ewé igi oṣè gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná. Àwọn ewé ọgbà náà, ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ló dára láti sá wọn sí, nítorí pé oòrùn gan-gan ń dín fítámìnì A àti C inú wọn kù. Ata, odindi ni wọ́n sábà ń sá a.

Tòmátì ló ṣòro jù. Òjò púpọ̀ ń mú kí ewé rẹ̀ rà, àti pé ọ̀pọ̀ èyí tí à ń rà ní Ìlọrin, Òkè Ọya ló ti ń wá. Nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kánò àti Kàdúná ní ọdún 2016, owó rẹ̀ fò sókè káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń se é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, wọ́n sì ń dín in nínú òróró. Èyí lè pẹ́ díẹ̀ nínú fíríìjì, bí iná bá wà.

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí ìpamọ́ irè oko, NSPRI, ní olú iléeṣẹ́ ní Ìlọrin. Lára ohun tí wọ́n ti ṣe ni ilé ìsáǹkan tó ń lo oòrùn, tí a fi ọ̀rá mímọ́ gaara bò bí àgọ́: inú rẹ̀ ń gbóná ju ìta lọ, eruku àti eṣinṣin kì í sì í wọ̀ ọ́.

Ohun tí kò bá gbẹ tán kò yẹ kó wọ ìgò. Èbu Aspergillus flavus lè pèsè májèlé afilatọ́síìnì sínú rẹ̀, sísè kì í sì í mú májèlé yìí kúrò. Kò yẹ kí a fín ọ̀tá-píá-píá sí ata tàbí òrúnlá nítorí kòkòrò. Ilá àti ẹ̀fọ́ tútù tí a dì sínú ìgò láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́ tún léwu, nítorí pé wọn kò kan: kòkòrò àìfojúrí tó ń pèsè májèlé, Clostridium botulinum, lè dàgbà níbẹ̀, omi híhó lásán kì í sì í pa á tán.

Irúgbìn ọdún tó ń bọ̀, ara igi tó so jù ni wọ́n ti ń mú un. Wọ́n á fi ilá bíi mélòó kan sílẹ̀ kó gbẹ lórí igi, wọ́n á sì so ó rọ̀ sí òkè ààrò, kí èéfín lè máa lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀.